Irin Nusaybah

Ó rẹ Àdìó. Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni, ohun tí màá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìbàfò, mi ò sì tíì rí ọjọ́ tó ti ibi iṣẹ́ dé tí kò kọ́kọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn kó tó lè wọ yàrá. Wẹ́dà ni nígbà tó ti Ìkirè dé. Ní báyìí, ibì kan ní Mowe ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi iná yọ́ ìyẹ̀fun irin pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun funfun tó dà bí egungun lílọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn, títí yóò fi di irin tí dókítà máa fi de egungun tó kán. Wọn kì í tún ara là láti yọ ọ́. Bí egungun ṣe ń jinná ni irin náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, títí yóò fi tán.

Ti Nusaybah, ọmọ kékeré kan ní Ìfọ̀ tí ọ̀kadà kọ lù, gbà á lọ́jọ́ méjì nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ará ilé aláìsàn ló ń gbé irin lọ sí ọsibítù lọ́dọ̀ wa ńbí, nítorí náà Àdìó fi ọ̀rá dì í pa, ó gbé e fún Nùsírátù, ìyá ọmọ náà, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà padà dé. Dókítà ní òun ò lè fi irin yẹn sínú ọmọ ẹnikẹ́ni. Ara irin náà ti rí jágajàga. Àdìó bi í léèrè ohun tó fi kàn án.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o, ọ̀gá," ni Nùsírátù wí. "Omi sámúsámù tí ẹ̀gbọ́n mi gbé bọ̀ láti Mẹ́kà ni mo rì í sí. Mo rí i tó ń hó wẹ́wẹ́ láìsí iná, mo ní àdúrà ti gbà nìyẹn."

Ta ló máa bínú sí irú ìyẹn? Inú bí Àdìó ṣá. Bí omi bá ti kan irin yẹn báyìí, yíyọ́ ló bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ sámúsámù, ì báà jẹ́ omi kànga. Dókítà ò sì ní í dúró kọjá ọ̀túnla, kí egungun ọmọ má bàa jinná ní wíwọ́. Àdìó da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, Nùsírátù kò gbà á. Ó ní ẹ̀rù ọwọ́ òun ń ba òun. Ni Àdìó, tí oorun ti kún ojú rẹ̀, bá bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀. Ọ̀rá wà lórí itan rẹ̀. Obìnrin náà fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jalè.

"Ẹ sún mọ́ ọn, ìyá Nusaybah," ni Àdìó wí. "Àdúrà ò ní omi nínú."

Oorun gbé e lọ kí wọ́n tó rìn jìnnà. Nígbà tó jí ní Ìfọ̀, kò bá ọ̀rá náà lórí itan rẹ̀ mọ́. Nùsírátù ló gbé e dání. Ó ń fi ọwọ́ kan dì í mú, ó sì ń fi ìró nu òógùn ọwọ́ kejì.