Fáìlì Rodney Hatmaker ní Kóòtù Pruett

Bí ẹ bá bá ẹyọ irọ́ kan nínú ìtàn yìí, kí ẹ fá irùngbọ̀n mi láìfi omi sí i. Mo ti gbé láàárín àwọn ará òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà pẹ́ débi pé ajá wọn kì í gbó mi mọ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àfonífojì wọn tí kò gba etí mi kọjá. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Verna Sizemore, tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kì í ṣe ojo. Obìnrin yìí ti fi ìgbálẹ̀ lé béárì kúrò nínú ọgbà rẹ̀ rí, béárì náà sì ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó ti rí àpá lọ́rùn ọwọ́ Kaylene, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀rù ti wọ ilé rẹ̀ bí èéfín.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ló há mi, Màmá."

Verna ń bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó ń wo àpá náà: mẹ́rin níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn wo ló ní ìka?

Rodney Hatmaker ni Kaylene fẹ́ fẹ́, Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ìgbéyàwó. Rodney ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gé koríko fún àwọn opó, ẹ̀rín rẹ̀ dùn bí oyin. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi kó kúrò ní Pruett, káúńtì, bí ìjọba ìbílẹ̀ ni, ti àwọn baba rẹ̀ lẹ́yìn òkè. Kaylene sì ti búra pé bí ìyá òun bá tún sọ̀rọ̀ Rodney láìdáa, òun á kó tọ̀ ọ́ lọ láìdúró de Sátidé. Verna mọ ọmọ tó bí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dá a dúró, àfi ohun tó bá fi ojú ara rẹ̀ kà.

Ó kọ́kọ́ lọ sí kóòtù káúńtì tiwọn. Akọ̀wé wá orúkọ Rodney títí, kò rí i. Ara Verna wálẹ̀, ó kù díẹ̀ kó jó. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí akọ̀wé tó ké sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ tiwa nìkan ló wà níbí o. Ohun téèyàn bá ṣe ní Pruett, Pruett ló ń sùn."

Ìbẹ̀rù tó ti sọ̀ kalẹ̀ tún gun ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ó ní eyín ń dun òun, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó wakọ̀ gba orí òkè. Ọ̀nà yẹn wọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Èmi fúnra mi ti gbà á, mo sì rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ara mi níwájú mi nígbà méjì. Ọkọ̀ akẹ́rù pupa ni Rodney ń wà, gbogbo ohun pupa tó bá yọ lẹ́yìn Verna ló sì ń já a láyà. Nígbà tó dé Pruett, ó fi ọkọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ó fi ìborùn wé orí, ó wọ kóòtù bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Àwọn tó ń dúró de ìwé àṣẹ ìwakọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Obìnrin sísanra kan, Glenda Stamper, ló wà nídìí káúńtà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Fáìlì ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ wò," ni Verna fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ.

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Etí mi òsì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi."

"Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ orúkọ mi? Ṣé ẹ máa bi mí nídìí?"

"Rárá o. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní gbangba, ti gbogbo ayé ni. Ẹ ṣáà kọ orúkọ ẹni tí ẹ ń wá síbí."

Verna mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́. Glenda wo ìwé náà, ó yíjú sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì lanu.

"Wilma! Fáìlì Rodney Hatmaker, èyí tó fi lu ìyàwó ẹ̀, ṣé wọ́n ti gbé e lọ sí àjàalẹ̀ ni?"

Ẹyẹlé orí òrùlé kóòtù fò lọ. Lórí bẹ́ǹṣì, arúgbó obìnrin kan tó di ọ̀pá mú gbé orí sókè.

"Orpha," ni ẹni tó jókòó tì í sọ, "ọmọ tìẹ ni wọ́n ń pè un."

Verna fẹ́ sá, ṣùgbọ́n fáìlì ti dé. Ó ṣí i, ó rí i pé Rodney ṣẹ́ obìnrin kan lápá, pé ó ṣẹ̀wọ̀n. Ojú rẹ̀ ò gbé ìyókù mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fóun, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kóòtù sí i. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ń ṣiṣẹ́ bí ìgbín tó ń sinmi. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú arúgbó náà gún un lẹ́yìn bí abẹ́rẹ́.

Ó jáde, ó yára. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀: kò, kò, kò. Ó dé ìdí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ kan bà lé e léjìká.

"Ìwọ ni ìyá ìyàwó tuntun yẹn?"

Verna bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́. Àbí o gbàgbé ahọ́n ẹ sínú fáìlì?"

"Èmi ni, mà."

"O ti ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn?"

"N ò tíì kà á débẹ̀."

"Èmi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Inú ilé mi ló ti ṣẹ́ ọmọbìnrin yẹn lápá. Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo sì sọ ọ́, ọmọ tí mo bí. Láti ìgbà tó ti dé látẹ̀wọ̀n, àga ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi tí n bá fẹ́ sùn." Ó wo títì lọ, ó wò ó bọ̀. "Ìwé yẹn, fún ọmọ ẹ kó kà á. Kò ní gba ìyá tiẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n bóyá á gba ìyá ọkọ gbọ́. Ó yá, máa lọ. Rodney wá láti ọ̀dọ̀ yín lónìí, òun ló gbé mi wá síbí. Ó lọ ra táyà lódìkejì, àwọn ẹlẹ́nu orí bẹ́ǹṣì yẹn á sì sọ fún un kó tó bọ́ sílẹ̀."

Bí Verna ṣe gba òkè yẹn padà, mi ò lè sọ. Táyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Kaylene wà ní ilé ìdáná nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, tó ní, "Ìyá Rodney ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi." Ọmọ náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rí òǹtẹ̀, ó sì kà. Nígbà tó débi tí Orpha ti sọ pé lẹ́yìn tí Rodney ṣẹ́ apá obìnrin náà, ó já òdòdó wá, ó wólẹ̀ lórí eékún, ó sunkún títí obìnrin náà fi ń bẹ̀ ẹ́, Kaylene dá ìwé kíkà dúró.

"Òdòdó ló já wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Ó sunkún. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

Kí Verna tó dáhùn, ọkọ̀ kan dákẹ́ níwájú ilé. Verna sáré ti ilẹ̀kùn pa.

"Kaylene," ni Rodney pè láti ìta, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Jáde wá, olólùfẹ́. Ìyá ẹ ti ń rìn kiri."

"Rodney, n ò ṣe mọ́."

"Jáde wá sọ ọ́ lójú mi."

"N ò jáde."

Rodney fara ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tó fi ẹsẹ̀ fọ́ àga iwájú ilé, ọ̀kan, èkejì, ó fọ́ wọn wẹ́wẹ́ láìkánjú, ó sì wakọ̀ lọ. Ìyá àti ọmọ wà nílẹ̀, wọ́n di ara wọn mú.

Sátidé dé, kò sí ìgbéyàwó. Kaylene ti kúrò ní àfonífojì náà, ẹ má sì bi mí níbi tó wà. Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, Orpha Hatmaker ṣì wà láàyè ní Pruett, kó lọ bi í. Ṣùgbọ́n kó rọra kan ilẹ̀kùn, kó sì kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀.