Férémù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ̀n Fún Mi

Dúró-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bí èèyàn bá ti gbé kẹ̀kẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí onítọ̀hún tó kí i tán ni yóò ti nawọ́ sókè: "Dúró ná! Má tíì sọ nǹkan kan." Yóò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sì sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nípa rẹ̀ ni pé apá rẹ̀ ti gùn jù. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni o, apá rẹ̀ gùn.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kó tó di ẹni tó ń to kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àwọn táyà tó fi kọ́ ara ògiri. Òun ló fi ń rán awọ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Téèpù télọ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà bó bá ń jẹun. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Á ní kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́, pé wíwọ̀ là ń wọ̀ ọ́, pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gé e bá ara mu.

Èmi àbúrò rẹ̀, agbẹ̀bí ni mí. Àwọn abúlé orí òkè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò ò lè débẹ̀: ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, òkúta lókè. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni mò ń gùn lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, gíà rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹrẹ̀ sì jẹ gbogbo wọn run. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní oní-gíà kan ṣoṣo ló máa gbà mí. Kò sí gíà tí à ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, kò sí ohun tó máa já mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí aboyún bá ń rọbí. Bí ọ̀nà bá ga, kí n dìde dúró lórí pẹ́dàlì kí n tẹ̀ ẹ́. Ó parí.

Ó wá ku bí férémù, ìyẹn irin tó jẹ́ egungun kẹ̀kẹ́, ṣe máa tóbi tó. Lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó fún mi. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n dúró ṣánṣán. Ó wọn ẹsẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n. Ó gbé férémù ńlá kan wá, dúdú tó ń dán, ó ní kí n dá ẹsẹ̀ kan kọjá lórí rẹ̀ kí n dúró. Àyè tó wà láàárín èmi àti irin òkè rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Wò ó! Ó ṣe rẹ́gí!" Inú èmi náà dùn, mo rí bí ọ̀gá.

Nígbà tó yá, ìka ọmọńdinrín mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ní òtútù ni. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọwọ́ lé ikùn aboyún kan, mò ń wá orí ọmọ. Ẹ gbọ́, mi ò mọ èwo ni orí, mi ò mọ èwo ni ìdí! Èmi! Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó ní ewú kan lórí! Mo rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà, mo sì ní kí alábàáṣiṣẹ́ mi tá a jọ lọ wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, omi ń dà lójú mi. Agbẹ̀bí tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan mọ́, kí ló kù fún un? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti pinnu pé màá lọ bá ọ̀gá wa kó wá ẹlòmíràn sípò mi.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni àṣírí ti tú. Ó bu tíì gbígbóná fún mi nínú kọ́ọ̀bù onírin. Òun fi aṣọ di tirẹ̀ mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Èmi fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lápá ìka ọmọńdinrín gbá tèmi mọ́ra láìfi aṣọ dì í, mò ń sọ̀rọ̀ lọ ní tèmi. Ṣàdédé ni ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́ọ̀bù tirẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé kò jó ẹ lọ́wọ́ ni?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ó ti pọ́n. Mo bú sẹ́kún.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á ní kí n lọ sinmi ni.

"Ìka wo?" Mo fi hàn án. "Ìgbà wo ló máa ń le jù?" Mo ní bí mo bá ti gun òkè dé ni. "Ó yá, gbé kẹ̀kẹ́ ẹ. Lọ gùn ún kí n wò ó."

Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ga fíofío. Mo gùn ún bí mo ṣe máa ń gùn ún, mo dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ẹ̀gbọ́n mi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí n tún un gùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti jókòó sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo bà ẹ́ lọ́wọ́ jẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ìwọ̀n télọ̀ ni mo wọ̀n fún ẹ. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ni télọ̀ máa ń wọ̀n. Ìwọ ò dúró jẹ́ẹ́! Gíà kan lo ní, ìdúró lo fi ń bá òkè jà. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ tó gùn, mi ò wo ẹ̀yìn ẹ tó kúrú bíi ti ìyá wa. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí ẹ. Gbogbo ara ẹ lo gbé lé àtẹ́lẹwọ́."

Inú bí mi. "Ẹ̀yin lẹ ní ó ṣe rẹ́gí!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó fa férémù kékeré kan yọ láti òkè àjà. Mo ní ti ọmọ iléèwé wo nìyí? Ó ní kí n panu mi dé. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó jù ú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fa ìjókòó sókè fún ẹsẹ̀ mi, ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sún mọ́ mi, ó sì mú mi padà sórí ọ̀nà gíga yẹn. Mo dìde dúró, mò ń tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn kó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dijú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Èjìká ẹ ṣì le. Dúró." Ó sún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ìbú èékánná. "Tẹ̀ ẹ́. Ìgúnpá ẹ ti tẹ̀ wàyí. Orúnkún ò kan irin. Tún un tẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Báyìí gan-an lèmi náà máa ń ṣe lórí ikùn aboyún: màá dijú, màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́. Mo ti mọ ọkùnrin yìí láti kékeré, mo ti bú u, mo ti fi í ṣẹ̀sín, mi ò sì mọ̀ pé irú ọwọ́ kan náà ni wọ́n fún àwa méjèèjì.

"Ṣé ọwọ́ mi á padà?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀."

Dúró-Ná, tí kò sí ohun tí kò mọ̀!

Mò ń gun èyí kékeré náà. Àwọn ará òkè fi mí ṣẹlẹ́yà: "Nọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ ọmọ yín lẹ gbé wá?" Alábàáṣiṣẹ́ mi ló ń fọwọ́ kan ikùn àwọn aboyún, èmi ń gbé báàgì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, kò ní wọlé. "Ọwọ́ ńkọ́?" "Kò tíì." Á yí padà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò fọ́nnu mọ́. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a padà sọ́dọ̀ aboyún ọjọ́sí tí mi ò mọ orí ọmọ rẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ mi jáde lọ ṣan ọwọ́. Mo kàn gbé ọwọ́ tèmi lé ikùn rẹ̀, bí mọ́lẹ́bí ṣe lè ṣe. Nǹkan kékeré kan, líle, tì mí lábẹ́ ìka ọmọńdinrín. Ó kọjá lọ, ó tún padà wá. Gìgísẹ̀ ọmọ ni! Mo tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀, ìdí, ẹ̀yìn, títí mo fi kan orí, roboto, ó ti jókòó síbi tó yẹ kó wà.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń sunkún? Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí rárá. Jẹ́ kí n tún fọwọ́ kàn án díẹ̀ sí i."

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ ńkọ́?" Mo mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo gbé ìka ọmọńdinrín mi lé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, mo sì dijú.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní, "ọkàn yín ń sáré jù. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."