Káàdì Ashraf Lórí Fóònù Ìyá Rẹ̀

Ẹni tó bá rí Ameenat Bùràímọ̀ lónìí, tó rí bó ṣe máa ń jókòó láìsọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò ní gbà pé ọmọ yẹn ti fi ẹ̀rín pa wá rí ní ọ́fíìsì wa ní Àjàó Estate. A ò bá ara wa tan o. Mo kàn ṣáájú ẹ̀ débi iṣẹ́ ni, òun náà sì ń pè mí ní Àǹtí Ọpẹ́. Ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì la jọ ń ṣe: ohun tẹ́ ẹ bá fojú rí lórí fóònù yín, àwòrán tó yọ, bọ́tìnì tẹ́ ẹ tẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Mi ò lè sọ ìtàn ọmọ yìí kí inú má bí mi, torí náà ẹ fara dà á fún mi.

Òkèihò ni àwọn ẹbí wọn ti wá, àmọ́ wọ́n ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní Mafoluku, àwọn kan wà ní Kánò, àwọn kan sì wà ní Sáúdí. Ni Ameenat bá ṣe ojúewé kan fún gbogbo wọn. Kálukú ló ní káàdì tiẹ̀ níbẹ̀: àwòrán ẹ̀, ìlú tó ń gbé, àti bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ "Pè é" sí. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan tí ojú kì í rí, tí kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tá a kọ fún ojúewé náà, máa ń bi ara ẹ̀ kó tó gbé ohunkóhun síta: ṣé ẹni yìí wà láyé? Bó bá wà láyé, àwòrán á yọ kedere, bọ́tìnì á sì wà lábẹ́ ẹ̀. Bí kò bá sí mọ́, àwòrán á di aláwọ̀ eérú, bọ́tìnì á pòórá, àdúrà á sì rọ́pò ẹ̀: "Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Àwọn bàbá ńlá wọn tó ti lọ tipẹ́ ni Ameenat ń rò nígbà tó ń kọ ọ́.

Ìyá ẹ̀ fẹ́ràn ojúewé yẹn ju oúnjẹ lọ. Ìyá Ashraf ni gbogbo wa ń pè é, nítorí àkọ́bí ẹ̀. Báàgì ìrìnàjò ló ń tà ní Apakun, létí títì tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, káàdì Ashraf ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á tẹ "Pè é," Ashraf á sì gbé e láti Port Harcourt níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. "Àrìnkẹ́ mi, ṣé ẹ jí dáadáa?" Ẹ gbọ́ o, ọmọ wo ló ń fi oríkì pe ìyá tó bí i? Ashraf ni. Ìyá á bú u dáadáa, á sì máa rẹ́rìn-ín títí táá fi dé ìsọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, àìsàn kan kọ lu Ashraf. Kí àwọn ará Èkó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ó ti kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín síbẹ̀, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe.

Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lórí fóònù. Àwọn àgbà ló máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á jẹ́ kó jẹun, wọ́n á jókòó tì í, kí wọ́n tó la ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ìyá Ashraf dé ọsibítù nígbà yẹn. Àlájì Bùràímọ̀, àbúrò bàbá Ameenat tó jẹ́ olórí ẹbí, ló ní kí gbogbo èèyàn pa ẹnu mọ́ títí ara ìyá á fi balẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un," Àlájì ló wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá sọ fún ìyá pé iléeṣẹ́ ti gbé Ashraf lọ sórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Káàdì wá ńkọ́? Àwọn ará Kánò ń béèrè, àwọn ará Sáúdí ń béèrè, gbogbo wọn fẹ́ rí àdúrà lórí káàdì Ashraf. Ameenat wá bá mi níbi iṣẹ́, ojú ẹ̀ ti wú. "Àǹtí Ọpẹ́, mo ti yí i padà o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ò sí láyé." Ó wá fi ohun tó tún ṣe hàn mí. Ó ti fi ìbéèrè mìíràn ṣáájú ti tẹ́lẹ̀: fóònù ta ló ń ṣí i? Bó bá jẹ́ nọ́ńbà fóònù ìyá ni, kí Ashraf ṣì wà láyé.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí àlejò bá dé, ìyá ilé á gbé abọ́ tó dáa jáde. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ló dé, abọ́ tó ti sán náà ni wọ́n á bu ọbẹ̀ sí. Ọbẹ̀ kan náà ni, ẹni tó dé ló yí abọ́ padà. Ohun tí Ameenat ṣe nìyẹn.

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ameenat, ṣé orí ẹ pé ṣá? Bí ìyá bá tẹ bọ́tìnì yẹn ńkọ́?" Ó ní òun ti ṣe ìyẹn náà. Bí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, kò ní pe ibì kankan, á kàn kọ ọ́ síta pé: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí Ashraf wà. Ẹ tún un gbìyànjú lọ́la." Lọ́la kẹ̀! Mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ọ̀gá wa yọjú wò wá. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ̀ bá bá mi wá ohun mìíràn tí mo lè ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo yà sí ìsọ̀ ẹ̀ ní Apakun, ó ní, "Ọpẹ́, iṣẹ́ orí omi yìí mà ń pẹ́ jù o. Ṣé gbogbo ìmọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì yín yìí, ẹ ò lè fa wáyà kan débẹ̀ ni?" Mo di síìpù báàgì kan mú, mò ń ṣí i, mò ń pa á dé. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ará ilé wa náà, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ameenat báyìí. Kí ni Ashraf ṣe fún wọn?" Yéè! Mo ní mo ti pẹ́, mo sá lọ.

Nígbà tó yá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ti lọ sílẹ̀. Àlájì ò wá. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á ní ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, bàbá yẹn ò láyà rárá.

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí Fawziyyah, ìyàwó Abdulhafeez ọmọ Àlájì, fi bímọ. Ilé wọn ní Àjàó Estate ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì pe èmi náà. Nígbà tí àwọn aáfà ti lọ tán, inú Abdulhafeez ń dùn, ó so fóònù ẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní pálọ̀. "Ẹ wá wo káàdì ọmọ yín o!" Àwòrán ọmọ yọ, ariwo ayọ̀ sọ. Ló bá tún ń fi ọwọ́ tì í sókè kí gbogbo ẹbí lè yọ. Káàdì Ashraf ti pẹ́ tó ti di eérú lórí fóònù tiẹ̀, ó ti mọ́ ọn lójú, kò rántí nǹkan kan. Kóòdù Ameenat mọ ẹni tó ni fóònù. Kò mọ ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Ashraf ló jókòó síwájú, ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Káàdì Ashraf yọ gàdàgbà síwájú ẹ̀. Ó kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó dàgbà kó tó kọ́ ìwé: "Ashraf... Bùràímọ̀. Kí Ọlọ́hun... forí jìn ín." Ó tún un kà. Ó wá na ọmọ sí Fawziyyah, ó ní, "Gba ọmọ ẹ, kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi." Ìgbà tí ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ló tó ké. Mi ò lè ròyìn igbe yẹn fún yín. Àlájì tó ní òun fúnra òun ni òun máa sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Mafoluku lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, orí ẹní ni mo bá ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ó dá mi lóhùn. Ó wá yíjú sí Ameenat, ó ní kó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá.

"Ṣe tèmi kó rí bíi tiwọn."

Ameenat dojú bolẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mi ò bá ọ jà," ìyá wí. "Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí n kú ni. Àmọ́ gbogbo wọn ló ti ṣàdúrà fún ọmọ mi, dé Sáúdí. Èmi tí mo bí i nìkan ni mi ò tíì ṣe é. Mo wà níbí, mò ń tẹ bọ́tìnì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ameenat ṣí kóòdù náà, ó fi ibẹ̀ han ìyá. Ìyá sún mọ́ ọn. Ó dá nọ́ńbà fóònù tiẹ̀ mọ̀. Ló bá fi ìka kan nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Ameenat fi ọwọ́ kan àyà ara ẹ̀. Èmi náà wò ó. Nọ́ńbà Ameenat fúnra ẹ̀ ni. Èmi tí mo sọ̀rọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ti fi tiẹ̀ sí i.

"Ìwọ náà ń tẹ̀ ẹ́?" ìyá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láràárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Á ní kí n tún un gbìyànjú lọ́la."

Ìyá fa orí ẹ̀ mọ́ra, ó gbé e lé itan. Wọ́n sunkún títí, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ni ìyá ní, "Pa méjèèjì rẹ́." Ameenat na ọwọ́, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá ní kí n fi ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́ han òun. Mo fi hàn án, ó sì fi ìka ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ńbà méjèèjì fi lọ. Mo bá wọn gbé àtúnṣe náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n gbé fóònù wọn sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n tún ojúewé ṣí. Àwòrán Ashraf di eérú lórí ti ìyá, ó di eérú lórí ti Ameenat, bọ́tìnì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ashraf tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọlọ́hun, forí jin ọmọ mi. Forí jin Ashraf." Ameenat la ẹnu, ohùn ò jáde. Èmi ni mo bá a ṣe àmín.