Ọwọ́ Agbẹ̀bí Àgùntàn

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Agbẹ̀bí ni gbogbo àwọn tó ń sin ẹran láyìíká wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò gbẹ̀bí èèyàn rí. Àgùntàn ló ń gbẹ̀bí fún. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ṣáájú, tàbí tí ìbejì lọ́ mọ́ra wọn nínú ìyá, àbúrò mi á ká apá aṣọ sókè, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á máa wo òkè bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Láìpẹ́, ọmọ á jáde.

Ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi agbo àgùntàn sílẹ̀ fún un. Èmi náà kó wá bá a nígbà tí ojú mi ò gbé iṣẹ́ aránṣọ mọ́. Mò ń dáná, mò ń gbá àgbàlá, mo sì ń bá a jà, nítorí mi ò mọ bí èèyàn méjì ṣe ń gbé pọ̀ láìjà.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí gan-an ni ọgbọ́n kan. Bí abo àgùntàn bá kú lórí ìrọbí, tó fi ọmọ sílẹ̀, o ò lè ṣàdédé gbé ọmọ náà fún abo mìíràn. Imú ni àgùntàn fi ń mọ ọmọ. Á gbóòórùn rẹ̀, á rí i pé kì í ṣe tòun, á kàn án dànù. Àbúrò mi wá ní korobá kan. Ibi ọmọ àti omi tó bá jáde lára abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, inú korobá yẹn ló ń gbà á sí. Á bù ú, á fi pa ọmọ aláìníyàá láti orí dé ìrù. Ìyá tuntun á gbóòórùn ara rẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Kò sí ọmọ òrukàn nínú agbo àbúrò mi. Ó ń fi yangàn, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Abo kan tí à ń pè ní Sìsí, nítorí ìrìn ẹ̀sọ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fara ha òpó ọgbà. Ó ha á títí irun ìhà rẹ̀ fi re dànù. A ní eégbọn ni, a fi oògùn wẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi ìka ha á lẹ́yìn, á gbórí sókè, á máa mi ètè bí ìyá arúgbó tó ń jẹun láìléyín. À ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù, ó sì ń gbọ̀n. Kó tó kú, méjì mìíràn ti ń fara ha òpó.

Dókítà ẹran wá, ọmọdébìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ó gbé orí Sìsí lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà dé, mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Ọpọlọ wọn ni àrùn náà ń bà jẹ́, mà," ó wí. "Kì í ṣe kòkòrò. Èròjà kan wà lára gbogbo ẹran tí kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Òun ló lọ́ pọ̀, tó wá ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù ní ìwàkiwà. Ẹ sè é, kò gbọ́. Ẹ da apakòkòrò sí i, ó ń wò yín."

Mo bi í bóyá èèyàn lè kó o. Ó ní wọn ò tíì rí ẹni tó kó o lára àgùntàn. Mo mí kanlẹ̀.

"Báwo ló wá ṣe ń ràn láàárín wọn?" àbúrò mi béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n ń bímọ sí."

Tayọ̀tayọ̀ ni àbúrò mi fi mú un lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni, orí koríko gbígbẹ kan náà ni gbogbo wọn ń bímọ sí, kí òtútù má baà mú wọn. Ó fi korobá hàn án. Ó tiẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe ń fi pa ọmọ lára, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Dókítà wo korobá, ó wò mí, ó wolẹ̀.

"Mà, inú ibi ọmọ gan-an ló pọ̀ sí," ó rọra sọ. "Ibẹ̀ ni ìyá ti ń kó o ran ọmọ rẹ̀, àti ọmọ ọlọ́mọ tó bá wà nítòsí. Ọmọ tuntun ló sì máa ń tètè mú. Ó lè wà lára wọn fún ọdún bíi mélòó kan kó tó fojú hàn. Ilẹ̀ tí omi yẹn bá sì dà sí, ó lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an."

Àbúrò mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ló wí.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lu èèyàn, mi ò kàn rí ẹni tí mo lè lù ni.

Àwọn kan ní kí wọ́n pa gbogbo agbo. Mo ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ta ló ní kí wọ́n gé gbogbo ọwọ́? Dókítà ní mo sọ òótọ́. Ó ní àwọn àgùntàn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n bí ààbò mọ́ wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àrùn náà kì í sábà ríbi wọlé sí wọn lára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Wọ́n pa àwọn tí kò ní ààbò, mo sì sunkún wọn. Àwọn tó ní in dúró, wọ́n ju ìlàjì lọ dáadáa. Dókítà bá wa wá àgbò kan tó jogún ààbò lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ó sì ń rìn bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. A sun koríko àtijọ́, a ha ilẹ̀, a fi pákó dá yàrá kéékèèké, kí abo kọ̀ọ̀kan máa dá bímọ.

Gbogbo nǹkan wá ń gún régé, àfi ẹni tó ni ín. Àbúrò mi rìn kiri ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó kọ́ ní ọgbọ́n korobá, ó ní kí wọ́n jáwọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan abo tó ń rọbí mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá wá pè é, á fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo láti inú yàrá pé òun ò sí nílé. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ àbúrò mi, kí ló kù tí yóò máa tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀?

Àsìkò ìbímọ dé, ó di èmi aránṣọ lagbẹ̀bí. Àwọn àkọ́kọ́ bímọ fúnra wọn, mo gba oríyìn tí kì í ṣe tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ kan há. Mo pe Dókítà lórí fóònù, ọ̀nà rẹ̀ jìn.

"Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mà, kí ẹ wá orúnkún rẹ̀."

"Orúnkún wo? Gbogbo ẹ̀ ló ń yọ̀."

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn lo máa dúró sí títí tó máa fi kú?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó lè kú lọ́jọ́ iwájú."

"Bí o ò bá fọwọ́ kàn án, á kú báyìí. Korobá ni wọ́n ní kó o jù nù. Ta ló ní kó o ju ọwọ́ rẹ nù?"

Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ìró omi. Ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ gígùn tí Dókítà fún wa, ó fi ìdí tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Aṣọ kọ́ lẹ̀ ń rán."

Ó wo òkè. Abo náà kérora, ọmọ jáde, kò mí. Àbúrò mi nu imú rẹ̀, ó fi koríko tọ́ ọ nímú, ó ra ìhà rẹ̀ títí ó fi sín. Nígbà tí ibi ọmọ já bọ́, ó kó o sínú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀ fún sísun, ó kó koríko tútù náà kúrò, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọ nù, ó wọ òmíràn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ayọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dókítà tó dé. Ọmọ náà ti ń mu ọmú.

"Ta ló gbẹ̀bí eléyìí?" ó béèrè.

Èmi tí omi ìbímọ ti gbẹ mọ́ lára dé ìgúnpá, mo yanu.

"Èmi ni," àbúrò mi dáhùn. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe níbí? Dókítà, ẹ fi ìbọ̀wọ́ sí i fún mi. Wọ́n ń dúró dè mí lójúlé kejì."