Kọfí Tí Wàsílátù Ń Tọ́jú De Àlejò

Ní gbogbo àdúgbò Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú bíi Wàsílátù, ìyàwó Fàsásì. Àga onítìmùtìmù tí wọ́n rà sí pálọ̀, ọ̀rá tó bá a dé láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí i nígbà ooru, itan á lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Àwo tánganran tò rẹrẹ nínú ṣókéèsì, abọ́ onírin tí ẹnu rẹ̀ ti hó ni tọkọtaya fi ń jẹun. Bí Fàsásì bá béèrè, á ní àlejò ni àwọn àwo yẹn wà fún. Àlejò wo? Àwọn àlejò tó ń wá, ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń fún wọn, wọ́n á mu ún látẹnu ìgò, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ahun. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé bá wọn lójijì, kò sì sí nǹkan kan nílé tí wọ́n lè gbé ka iwájú wọn. Ìyá rẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fi ìbòrùn bo ojú, ó sunkún. Wàsílátù rí i. Àtìgbà náà ló ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohun tó bá dáa, ti ẹni tó ń bọ̀ ni.

Fàsásì ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í bá a jà. Ọmọ Èjìnrìn ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì wa ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú títí ojú rẹ̀ kò fi ríran jìnnà mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í fi ṣeré láyé, òun náà ni kọfí. Igi kọfí wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Èjìnrìn. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ìyá rẹ̀ á yan èso rẹ̀ nínú agbada, á gún un lódó, kò sì ní jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó mu ún. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kékeré ní Ìkòròdú, omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ló ń pè é. Ó ń mu ún ṣáá, ó sì ń ráhùn.

Lọ́dún 2006, Sọ̀fíyàt ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́, irú èyí tó ń se kọfí ife kan péré lẹ́ẹ̀kan. Kọfí tirẹ̀ wà nínú páálí: kọfí lílọ̀ tí wọ́n dì sínú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tíì inú àpò pélébé, ẹyọ kan fún ife kan, tí wọ́n wá fi ọ̀rá tó le bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa wọ̀ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹrù náà dé, ọmọ náà pè.

"Màámi, ẹ gbọ́ o. Mi ò kàn he èyí tó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ tí wọ́n yan án ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó sanwó. Ẹ má ṣí i o, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa mu ún. Atẹ́gùn tó bá ti wọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, adùn ẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ẹ máa ṣe é fún Dádì láràárọ̀."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ó ti gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá ti já. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló ti fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí àwọn ará ilé lè gbóòórùn ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́. Morìnsọ́lá, ayálégbé wọn tó wá láti Ìkìrun, gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá Sọ̀fí, ẹ ti jayé o!" Inú Wàsílátù dùn dé ẹ̀yìn ọrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Fàsásì fi ti mọ́ṣáláṣí dé, tó sì dúró gbọnin lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ń yan kọfí?" Ó sún mọ́ wọn, ó tẹ orí ba ọ̀rá náà. "Ilé wa nìyí. Èjìnrìn nìyí. Jọ̀wọ́, ṣe ife kan fún mi."

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Sọ̀fí. Ọmọ yín ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká jọ mu ún pẹ̀lú ẹ̀."

"Ó dáa," ni Fàsásì wí. Ọkùnrin náà kúkú máa ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ni Wàsílátù bá fi rọ́bà di ẹnu ọ̀rá, ó kó kọfí náà sínú àpótí, sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀ tó dáa jù, níbi tí káńfọ̀ tó fi ń lé kòkòrò wà káàkiri. Ẹ̀rọ náà wọ ṣókéèsì tòun tọ̀rá. Disẹ́ńbà dé, Sọ̀fíyàt kò wá; ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọdún kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Fàsásì ń mu omi ìṣan-ìkòkò rẹ̀ lọ.

Ọdún kẹta ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n tún gbé e padà wá sílé, dókítà sì sọ fún Wàsílátù pé bó bá lè máa jẹun, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò. Oúnjẹ ni kò sì lọ. Ó ní ohun gbogbo rí bákan náà lẹ́nu òun. Wàsílátù se ọbẹ̀ ẹja tútù, ó se ìkọ́kọrẹ́, ó po ẹ̀kọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ wọlé ni wọ́n ń gbé e jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fàsásì pè é.

"Ìyá Sọ̀fí, kọfí yẹn. Ṣe é fún mi. Bí mo bá mọ adùn ẹ̀ lẹ́nu, á jẹ́ pé ẹnu mi ṣì yè nìyẹn. Màá jẹun."

Eré ni Wàsílátù fi lọ síbi àpótí. Òórùn káńfọ̀ kọlù ú, àmọ́ òórùn tirẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti lọ́kọ, imú rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n mọ́. Iná wà lọ́jọ́ yẹn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ya ọ̀rá kúrò lára ẹ̀rọ, ó lò ó bí ọmọ ṣe júwe rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ẹ̀rọ kùn, kọfí ṣàn sínú ife tánganran. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó ń wo ọ̀fun rẹ̀.

Fàsásì mu ún. Ó di ojú, ó dá a dúró lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e mì. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ló wí. "Kọfí tí mo gbóòórùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà! Ẹnu mi ti kú, Ìyá Sọ̀fí. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú mọ́."

Ó kọjú sí ògiri. Kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kò jẹ ti alẹ́.

Wàsílátù gbé ife náà lọ sí ilé ìdáná, ó sì tọ́ ọ wò. Omi gbígbóná àti káńfọ̀ ló bá níbẹ̀. Ó pe Sọ̀fíyàt, ó ní bàbá rẹ̀ mu kọfí náà, kò mọ adùn rẹ̀, ó ní ẹnu òun ti kú.

"Èwo, Màámi? Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí? Ẹ ò tíì mu ún?" Ọmọ náà ṣírò ọdún tó ti fi ránṣẹ́. "Kọfí yẹn ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ adùn kankan níbẹ̀. Kì í ṣe ẹnu Dádì."

Kì í ṣe ẹnu Dádì! Ayọ̀ gbé Wàsílátù wọ yàrá. Kò ka ìtìjú kankan sí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Bàbá Sọ̀fí, ẹnu yín ò kú o! Kọfí ló bàjẹ́. Èmi ni mo ṣí i lọ́jọ́ tó dé, èmi ni mo kó o sáàárín káńfọ̀. Mo tọ́ ọ wò, èmi náà ò rí adùn kankan níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹun."

Fàsásì yíjú sí i, ó wò ó pẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣé, ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ tù mí nínú ni. Ìwọ kọ́ lo máa ba nǹkan jẹ́."

"Mo fi Kùránì búra!"

"Má fi Kùránì búra nítorí tèmi."

Ó di ojú rẹ̀. Wàsílátù bu ẹ̀kọ, ó gbé ṣíbí sí i létè, ẹ̀kọ náà sì ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. Ó nù ún, ó tún bu òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, tó ń búra, tó ń sunkún, títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí tí wọ́n fi gbé Fàsásì lọ sin sí Èjìnrìn. Ó kú láìgbà á gbọ́.