Sùtánà Kan Ṣoṣo

Bí mo bá rí sùtánà lórí okùn, ìyá ìjọ wa ní Igbó-Elérin ni mo máa ń rántí. Nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì jẹ́ ilé pákó. Ẹni tí àwọn alàgbà bá fi sábẹ́ ìbáwí kò gbọdọ̀ wọ sùtánà mọ́, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ìyá á dìde níwájú, wọ́n á lọ bá onítọ̀hún níbẹ̀, wọ́n á ní, "Sún fún mi jàre, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Irọ́ ni, ẹsẹ̀ kankan ò dùn wọ́n.

Ọmọbìnrin kan lóyún láìlọ́kọ. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló wà títí ó fi kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn alàgbà ní a ò gbọdọ̀ fi sùtánà sin ín. Ìyá bọ́ tiwọn, wọ́n fi wọ òkú náà.

Láti ìgbà náà, ìró àti bùbá àǹkárá ni Ìyá ń wọ̀ wá, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń jókòó sí. Bí àwọn alàgbà bá ní kí wọ́n rán òmíràn, Ìyá á ní, "Mo ní sùtánà. Ọmọ yẹn ló ń bá mi wọ̀ ọ́."

Nígbà tí Ìyá kú, àwọn alàgbà gbé sùtánà tuntun wá láti fi sin wọ́n. Ọmọ Ìyá obìnrin kọ̀ ọ́.

"Ẹ lọ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì."

Ẹnì kan sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn alàgbà ká sùtánà náà, wọ́n gbé e padà sílé.