Ọwọ́ Tó Gé Irun Saane

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kan jẹun kó tó wá síléèwé wa ní Robinvale, ẹ má wulẹ̀ bi ọmọ náà, Luseane ni kí ẹ bi. Òun ló ń dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀, obìnrin tó sanra tí ohùn rẹ̀ tún sanra jù ú lọ, tó ń kí òbí, tó ń wo ojú ọmọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni pé kó máa so ilé pọ̀ mọ́ iléèwé. Èmi tí mo ń jókòó sí ọ́fíìsì iwájú mọ̀ pé ó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dín keke, tí kò yàtọ̀ sí pọfupọ́fù, fún ẹni tí ebi ń pa. Ó ń lọ sílé àwọn ará Tonga bíi tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóko álímọ́ńdì, á jókòó sórí ẹní wọn, á ní: "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ wá sọ fún wa. Tíṣà kì í ṣe wòlíì."

Ilé kan ṣoṣo ni kì í wọ̀, ìyẹn ilé Feleti, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọn ò bára wọn jà o. Ọ̀wọ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin àti arábìnrin rẹ̀ kì í jókòó sínú yàrá kan náà. Àwọn kan ti dẹwọ́ nínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Ọsirélíà, ṣùgbọ́n Feleti ò dẹwọ́. Bó bá rí Luseane lọ́ọ̀ọ́kán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Luseane lágbára nínú ilé náà ju ti Feleti fúnra rẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó ga ju arábìnrin bàbá lọ lórí ọmọ.

Ọmọ tí à ń wí ni Saane, ọmọ ọdún méje, tí irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí.

Ẹ̀gbọ́n Luseane àti Feleti obìnrin, tó ń jẹ́ Manusiu, kú nígbà òtútù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di dandan kí wọ́n gé irun ọmọ arákùnrin olóògbé, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹni tó jù wọ́n lọ ló lọ. Arábìnrin tó kù ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, Luseane mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun Saane mọ́ orí. Ó ń gé e, ó ń sunkún. Saane jókòó jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀, ó na ọrùn rẹ̀ bí àgbàlagbà.

Àṣìṣe Luseane nìyí o. Obìnrin tó ń wàásù fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá sọ fún tíṣà, òun fúnra rẹ̀ kò sọ. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Lójú tirẹ̀, ta ni yóò rí orí ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé òkú kú? Mísì Haddow ni kò mọ̀.

Mísì Haddow ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ni. Nígbà tó rí orí Saane láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rò pé iná orí ló mú kí wọ́n gé e. Ó pè é síwájú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì yẹ orí rẹ̀ wò lójú gbogbo kíláàsì. Kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde ṣeré, orúkọ ti dé. "Saane oníná-orí! Má fara kàn mí o!" Kò sẹ́ni tó gbà kó jókòó ti òun. Inú ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí. Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ, ọmọ ò wá síléèwé mọ́.

Kalolaine, ìyá rẹ̀, ló wá bá wa ní ọ́fíìsì. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà," ó ní. "Mo fà á jáde, ó bù mí jẹ."

"Mò ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀," ni Luseane wí.

Kalolaine wolẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè wá, àfi ẹ̀yin. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ òun di báyìí."

Luseane jókòó sórí àga àwọn ọmọdé. Mo rò pé àga náà máa fọ́. N kò rí i kó jókòó láìṣe nǹkan kan rí. Mo ní: "Ṣebí ẹnìkan kì í kọ ọ̀rọ̀ yín nílé yẹn? Ẹ pàṣẹ kó wá."

"Ìyá ọ́fíìsì, mo lè pàṣẹ kó wá. Ṣé mo lè pàṣẹ kínú rẹ̀ dùn?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Kalolaine. "Sọ fún ọkọ rẹ, èmi ni mo rán ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, kó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, kó mú ọmọ rẹ̀ wá, kí wọ́n jọ jẹun àárọ̀ níbí."

"Feleti? Níléèwé? Àǹtí, kò débí rí! Ó ní wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì òun ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èyí tó bá ní, kó fi sọ ọ́."

Ó dìde lọ bá Mísì Haddow, ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú tíṣà náà pọ́n, omi lé sí i. "Mi ò mọ̀," ló ń wí ṣáá.

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Èmi ni mi ò sọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Feleti dé. Ó wọ dúdú, ó ró ẹní ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tó ti gbó tó ti ya, láti orúnkún títí dé àyà, ó dé fìlà mọ́ ojú. Ó di ọwọ́ Saane mú, òun náà dé fìlà tirẹ̀. Luseane tó ń dín keke rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó pa iná, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé. Mo bá a lọ.

A gbọ́ tí Feleti ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa sọ. Mo yọjú. Ó ti bọ́ fìlà, àṣé wọ́n ti gé irun tirẹ̀ náà, kọ́bọkọ̀bọ, ó burú ju ti ọmọ lọ. Gbogbo kíláàsì Saane ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi kú," ó ní. "Òun ló tọ́ mi. Ìdí tí wọ́n fi gé e nìyẹn. Níbi iṣẹ́, mi ò ṣí fìlà rárá. Ojú ń tì mí. Mo dójú ti ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Saane. "Ọmọ mi ṣí tirẹ̀ wá síléèwé lọ́jọ́ Ajé. Ó láyà jù mí lọ."

Mísì Haddow kúnlẹ̀ níwájú Saane, ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ó ní òun ló ṣàṣìṣe, kò sí iná kankan lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan bi Feleti bóyá òun lè fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ọkùnrin gìdìgbà náà tẹ orí ba. Ẹ̀rín sọ.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí. Saane ni, kò dé fìlà mọ́. Ó dúró jìnnà díẹ̀ sí Luseane, ó ń wò ó.

"Àǹtí."

"Saane mi."

"Tí ẹ̀yin náà bá kú, ta ló máa gé irun mi?"

Kò sí arábìnrin mìíràn tó kù fún Feleti. Luseane ba sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa gé e," ó ní. "Mo ti pàṣẹ, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Jẹ́ kó máa gùn lọ."

Saane bojú jẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. "Rárá o!" ó ní. "Mo fẹ́ kí wọ́n gé e nítorí yín."